Koríko Tí Èéfín Kò Rí Pa

Máníjà ilé ìyọ́rin na ìka sí koríko ẹsẹ̀ ògiri, ó ní, "Ẹlẹ́rìí mi nìyẹn."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Abẹ́rẹ́ wolẹ̀. Koríko ọ̀hún tutù yọ̀yọ̀. Ó dì pọ̀ bí irun tí òòyà ò tíì kàn, ó sì tẹ́ lọ rẹrẹ láti ẹnu géètì títí dé ibi tí ògiri ti yà sẹ́yìn. Òkè orí rẹ̀ gan-an ni ọ̀pá èéfín ilé-iṣẹ́ náà nà gbọọrọ sí, ẹnu rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí èéfín níbẹ̀ lónìí. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣubú lulẹ̀ lórí pápá, tí wọ́n ń wúkọ́, tí ojú wọn ń ṣomi, ni ọlọ́pàá ti ní kí wọ́n pa iná ìléru.

"Ẹ wò ó dáadáa, màdáámù," ni máníjà wí. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò bí ẹni tó ti jàre tán. "Wọ́n ní ojoojúmọ́ la máa ń tú èéfín síta láìfọ̀ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ náà ni koríko yìí wà. Ṣé koríko tó ń mu májèlé lójoojúmọ́ ló rí báyìí? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀lẹ kan ló gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ sì ti mú un. Kí lẹ tún ń wá?"

"Koríko pápá ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́?" ni Abẹ́rẹ́ bi í. "Ó ti gbẹ, ó ti pọ́n bí ìpẹtà. Pápá yẹn sì jìnnà síbí."

"Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Irúgbìn kan náà ni ti pápá àti ti ògiri yìí, àpò kan náà, ọwọ́ oníṣòwò kan náà la ti rà á. Àwa la fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ń ṣe pápá tuntun. Èmi fúnra mi ni mo wọ́n ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ níwájú àwọn oníròyìn. Bó bá jẹ́ èéfín wa ló pa tọ̀hún tó jìnnà, kí ló dé tí kò pa tibí tó wà lábẹ́ imú wa?"

Ìbéèrè gidi ni. Abẹ́rẹ́ ò fẹ́ràn ọkùnrin náà, àti bàtà rẹ̀ tó ń dán, àti bó ti ń pe ènìyàn ní ọ̀lẹ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbé ohunkóhun rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó dára, ẹnu ẹni tó wù kó ti jáde, kì í jẹ́ kó sùn. Abẹ́rẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí, nítorí pé ó tín-ín-rín, ó sì máa ń gún ènìyàn. Kò bínú sí orúkọ náà. Ó ní ó sàn ju kí wọ́n máa pe òun ní Ìrọ̀rí lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ṣòro ó gbọ́. Èédú tí ilé-iṣẹ́ yìí ń jó láti fi yọ́ irin ní imí-ọjọ́ nínú, èéfín imí-ọjọ́ sì máa ń ta ni lọ́fun bí ata. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní àgbá omi ńlá kan tí èéfín gbọ́dọ̀ gbà kọjá, kí omi fọ̀ ọ́, kó tó dé inú ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà lẹ́yìn àgbá. Bí wọ́n bá ṣí i, èéfín á yẹra fún omi, á gba ẹ̀yìn jáde lọ sójú ọ̀run pẹ̀lú gbogbo oró rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Afẹ́fẹ́ tó máa ń fẹ́ gba ẹsẹ̀ ògiri lọ sórí òkè níbi tí ènìyàn kì í gbé, ó yí padà lọ́jọ́ yẹn, ó dojú kọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tí ilẹ̀kùn náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni Bàbá Ìbejì. Ó ní máníjà ló pàṣẹ kí òun máa ṣí i. Máníjà ní irọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn. Bí adájọ́ bá gba máníjà gbọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀wọ̀n ni Bàbá Ìbejì ń lọ, iná ìléru á sì tún máa jó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á wà bó ti wà.

*

Ìyàwó Bàbá Ìbejì wà lẹ́nu káńtà àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé. Aránṣọ ni, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ṣì ń ṣèwádìí," ni obìnrin náà wí. "Ẹ sọ ohun tẹ́ẹ rí."

"Koríko ni mo rí."

"Koríko."

"Tútù ni."

Obìnrin náà wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ọkọ mi wà látìmọ́lé, ọlọ́pàá lọ ń wo koríko. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ bá ti parí koríko, ẹ bọ́ sórí ewúrẹ́, bóyá ẹnu tiwọn á yá ju ti àwọn ará ibiṣẹ́ wọn lọ."

Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe àrífín. Ó wọlé tọ ọkùnrin náà lọ, ó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé.

"Bàbá Ìbejì, ẹ tún un sọ fún mi. Kí ló dé tí máníjà fi fẹ́ kẹ́ẹ ṣí ilẹ̀kùn?"

"Bí èéfín bá ń gba inú omi, iná ìléru kì í jó geere, irin kì í sì í tètè yọ́. Ó ní kí n ṣí i títí òun á fi ní kí n tì í."

"Ìgbà wo ló wá ní kẹ́ẹ tì í?"

"Ẹnu ẹ̀ ni mo ṣì ń wò, láti ọdún tó ti débẹ̀."

"Ó kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó rẹ̀. "Màdáámù, ta ni yóò kọ irú ẹ̀ sílẹ̀?"

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni èéfín ń jáde láti ọdún yẹn wá, kí ló dé tí koríko abẹ́ ọ̀pá fi tutù?"

Bàbá Ìbejì ronú títí. Ó họ irùngbọ̀n. "Mi ò mọ̀," ló wí níkẹyìn. "Inú ilé nibi iṣẹ́ mi. Mi ò mọ nǹkan kan nípa koríko."

Èsì yẹn ló jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ gbà á gbọ́. Òpùrọ́ á ti wá nǹkan sọ. Á ní òjò ni, á ní ọ̀rá ilẹ̀ ni. Ẹni tó ní òun ò mọ̀, nígbà tí àìmọ̀ yẹn lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n, irú wọn kì í pọ̀ nínú àtìmọ́lé.

Ṣùgbọ́n adájọ́ ò lè fi ìgbàgbọ́ Abẹ́rẹ́ dá ẹjọ́.

*

Ó padà sídìí ògiri pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti tàn án. Wọ́n ti hú koríko tó kú dànù, wọ́n ti gbé tuntun wá láti ibòmíràn, wọ́n sì tẹ́ ẹ síbẹ̀ bí ẹní. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọ̀bẹ bọlẹ̀.

"Kí ni koríko mi ṣe fún yín?"

Bàbá Gádínà ni, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọgbà ilé-iṣẹ́. Ó dúró tì í, ó di àáké kékeré mú lápá kan, ó di ìbàdí mú ní apá kejì.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ ni."

"Tẹ́ kí ni? Ẹ fà á kí n rí i."

Abẹ́rẹ́ fà á. Kò wá. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn bí okùn àpò, ó sì ti wọlẹ̀ jìn. Koríko tó ti ń gbé níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ni. Ọ̀nà àkọ́kọ́ dí.

"Bóyá ẹ máa ń fi omi fọ ewé ẹ̀?" ló bi bàbá náà.

"Ṣé àwo ni? Òjò ló ń rọ̀ sí i, bíi ti gbogbo ayé." Bàbá Gádínà ti ń gbádùn ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí koríko bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Ọwọ́ mi ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn ò lè mú nǹkan hù níbí. Ẹni tó ṣáájú mi, ṣe ló ń gbìn ín, tó ń kú. Ó gbìn ín, ó kú. Wọ́n lé e lọ. Èmi dé, ẹ wò ó."

"Ó ń kú?"

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí koríko.

"Kí ló ń pa á, bàbá?"

"Mo sáṣọ," ni Bàbá Gádínà wí. "Òjò ti ń ṣú."

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ojú ọ̀run funfun báláú, kò sí kùrukùru kan tó tó àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí yóò fi wolẹ̀, bàbá náà ti ń lọ, àgbàlagbà tó ń yára bí ẹni tí ajá ń lé.

*

Ìyá Koríko ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe obìnrin onímọ̀ ewéko tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òun àti Abẹ́rẹ́ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ìwé ni, ìyẹn ni wọn kò ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn. Ó wà nínú ilé onígíláàsì rẹ̀, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé orí koríko nínú ìkòkò.

"Mo ní ìbéèrè," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"O ò ní kí mi?"

"O kú iṣẹ́. Kí ló ń jẹ́ kí koríko tutù lábẹ́ èéfín, kí ti òkèèrè sì jóná?"

Ó to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún un. Ìyá Koríko gbọ́ ọ títí, ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Máníjà yẹn fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé koríko tútù ni ẹlẹ́rìí òun?"

"Ó na ìka sí i."

"Ta ló sọ fún un pé koríko tútù ń jẹ́rìí pé afẹ́fẹ́ dára?" Ó bu irúgbìn díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Abẹ́rẹ́. "Wò wọ́n. Inú àpò kan ni wọ́n ti wá, o sì rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Rárá o. Bí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n rí. Èyí ga, èyí kúrú, ọ̀kan ń tètè ṣàìsàn, ọ̀kan kì í wúkọ́ láyé. Abímọ́ ni, àbùdá tí òbí fi lé wọn lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn, èéfín imí-ọjọ́ á pa wọ́n. Ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ tí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lè sọ oró yẹn di aláìlóró. Bí èéfín bá ń dé lójoojúmọ́, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn púpọ̀ á kú."

"Àwọn díẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á kù."

"Wọ́n á kù, wọ́n á yọ òdòdó, afẹ́fẹ́ á gbé àtíkè inú òdòdó ọ̀kan lọ bá èkejì, wọ́n á bímọ. Àwọn ọmọ á jogún wọn. Èéfín á tún ṣa àwọn ọmọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, aláìlera á lọ, alágbára á kù. Bí ọdún mẹ́rin márùn-ún bá fi lọ báyẹn, ìdílé alágbára nìkan ló máa kù lórí ilẹ̀ náà. Á tutù, á máa dán, o ò ní mọ ohun tójú àwọn baba ńlá ẹ̀ rí."

"Èéfín ẹ̀ẹ̀kan ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan? Ó kàn máa jó wọn ni. Bíi ti pápá ilé-ẹ̀kọ́."

Abẹ́rẹ́ rí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà bí aṣọ tí wọ́n wọ̀ lódì tí wọ́n wá bọ́. Pápá ni ibi tí èéfín dé lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Ẹsẹ̀ ògiri ni ibi tí èéfín ń gbé, ó sì tutù. Tútù yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ máníjà, òun ló sì ń fi í yangàn.

"Mo ti mú un," ló wí.

"Má tíì jó," ni Ìyá Koríko dá a lóhùn. "Agbẹjọ́rò rẹ̀ á dìde. Á ní koríko ògiri kàn ti mọ́ èéfín lára ni, bí awọ àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń le. Á ní èéfín díẹ̀ tó ń jò látinú ìléru èyíkéyìí ti tó láti mú un le. O ní láti fi hàn pé abímọ́ ni, kì í ṣe ohun tó kọ́ níbẹ̀. Èyí tó o ń fẹ́ ni ọmọ koríko yẹn tí wọ́n bí síbi tí èéfín ò dé rí. Mo lè gbin irúgbìn ẹ̀ fún ẹ. Tó bá di oṣù méjì sí i..."

"Ọjọ́ Ẹtì ni ẹjọ́."

"Nígbà náà, lọ wá ẹni tó ti gbìn ín ṣáájú mi."

*

Ta ni yóò gbé irúgbìn koríko lásán láti ẹsẹ̀ ògiri ilé-iṣẹ́ lọ gbìn síbòmíràn? Abẹ́rẹ́ ronú sí i nínú mọ́tò. Olè kọ́, kò sí ohun tí olè fẹ́ fi ṣe. Onímọ̀ kọ́, wọn ò mọ̀ pé ó wà. Ó ku ẹnì kan: ẹni tó gbà pé ọwọ́ òun ló ń mú un hù. Agbéraga ò lè fi ohun ìgbéraga rẹ̀ sílẹ̀ síbi iṣẹ́ nìkan. Á mú un délé, kí ará ilé rí i.

Ìkọjá odò ni ilé Bàbá Gádínà wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ilé ìyọ́rin kì í fẹ́ dé. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ lójúde. Ọ̀nà tóóró kan wọ ẹnu ọ̀nà ilé, koríko sì wà lápá méjèèjì. Tòsì ga, ó ń fi orí jó. Tọ̀tún kúrú, ó jókòó sílẹ̀ bí ọmọ tó ń bínú.

"Ẹ kú ilé, màmá. Koríko yín dára."

"Tòsì lẹ ń wí. Ẹ má wo ọ̀tún, ó ń tì mí lójú." Màmá náà fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí i. "Bàbá yín ló kó irúgbìn ẹ̀ bọ̀ láti ibiṣẹ́ nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kólé yìí. Ó ní kò sí irú ẹ̀ láyé. Mo ní ó dáa, mo lọ ra tèmi, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ wọn ń rà, mo gbìn ín sí òdìkejì. Láti ọjọ́ yẹn ni tèmi ti ń fi tiwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Tèmi ga tán, tiwọn ṣì ń ronú."

Ara Abẹ́rẹ́ yá gágá. Bàbá Gádínà jáde síta, ó rí i, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣe parọ́ fún mi?"

"Mi ò parọ́. Mo dákẹ́ ni."

"Ẹ wá yé dákẹ́ báyìí. Kí ló ń pa koríko ẹsẹ̀ ògiri nígbà náà?"

Bàbá náà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Èéfín," ló wí. "Gbogbo èyí tí mo bá gbìn látinú àpò, á hù, á pọ́n, á kú. Ó máa ń ku ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Ó sú mi. Mo gbọn irúgbìn orí àwọn tó kù, mo gbìn ín padà. Lọ́dọọdún ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi bo ilẹ̀. Máníjà mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ló pè mí, ó ní tí mo bá fẹnu kàn án pé koríko kú níbẹ̀ rí, mo ti kúrò níṣẹ́ nìyẹn."

"Bàbá Ìbejì wà látìmọ́lé nítorí èéfín yẹn."

"Mo mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá ọmọ mi," ló wí wẹ́lẹ́, "ẹ mọ̀, ẹ sì ń wálé jẹun?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọlé, ó gbé ọkọ́ jáde, ó lọ sí apá ọ̀tún tó ti ń tì í lójú láti ọjọ́ yìí wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa koríko náà pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn. "Ẹ wá kó o, ọlọ́pàá. Mo máa wa tòsì náà mọ́ ọn."

"Màmá, ẹ ṣeun. Bàbá, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Kì í ṣe ọwọ́ yín ló ń mú un hù o. Ẹ̀jẹ̀ koríko náà ni."

Ó dà bíi pé èyí dun bàbá náà ju gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lọ.

*

Abẹ́rẹ́ fi ọ̀wọ̀ ránṣẹ́ pe máníjà sí ilé onígíláàsì. Ó ní kó wá wo bí ẹlẹ́rìí rẹ̀ á ṣe jẹ́rìí. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀, ó ń wo ìkòkò koríko bí ẹni tí wọ́n gbé àjèjì oúnjẹ síwájú rẹ̀.

Ìkòkò mẹ́ta ni. Ọ̀kan láti ẹsẹ̀ ògiri, méjì láti ojúde Bàbá Gádínà, tòsì àti tọ̀tún. Ìyá Koríko tò wọ́n sínú àpótí gíláàsì.

"Màá tú èéfín imí-ọjọ́ sí wọn," ló wí, "ìwọ̀n kan náà fún gbogbo wọn. A máa wo ojú ewé wọn láàárọ̀ ọ̀la."

"Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tì í," ni Abẹ́rẹ́ wí, "ẹ dákun, máníjà, ẹ tún un sọ kí ọ̀gá wa gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni èéfín jáde láìfọ̀ nílé-iṣẹ́ yín?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ṣé mi ò tíì sọ ọ́ tó ni?"

"Koríko pápá àti koríko ògiri ńkọ́?"

"Irúgbìn kan náà, àpò kan náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Ẹ fọwọ́ ara yín ti àpótí náà. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe idán."

Ó tì í. Ọ̀gá lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ọlọ́pàá kan sì jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n padà dé láàárọ̀, kò sí ẹni tó nílò láti jẹ́ onímọ̀. Koríko tòsì, èyí tó ga, tó ń fi orí jó, ti funfun bí ìwé tí oòrùn pa. Ewé rẹ̀ ti dojú bolẹ̀. Ti ògiri tutù. Tọ̀tún, èyí kékeré, èyí tó ń bínú, tutù bí ẹni pé ìrì ló sẹ̀ sí i lára.

Máníjà ò pẹ́ rárá kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Kò yà mí lẹ́nu. Ti ògiri ti mọ́ ọn lára ni. Gbogbo ìléru ló ń jò díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ ṣeun," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Èyí kékeré yìí wá ńkọ́? Ọmọ koríko ògiri ni. Ìkọjá odò ni wọ́n bí i sí. Kò rí èéfín rí láyé ẹ̀ àfi lánàá. Ibo ló ti kọ́ ọ?"

"Kí ló dá yín lójú pé ọmọ rẹ̀ ni? Ó lè jẹ́ irú mìíràn."

"Bàbá Gádínà ló gbọn irúgbìn ẹ̀, á sì búra níwájú adájọ́. Àpò kan náà ni baba ńlá gbogbo wọn ti wá, ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀, níwájú àwọn oníròyìn, àti níwájú ọ̀gá wa lánàá. Ohun kan ló dé sáàárín tó ya ìdílé kan sọ́tọ̀. Ó pa àwọn tó kù títí ó fi ku àwọn tí kò lè pa. Ẹ̀ẹ̀kan ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, máníjà. Ẹ wo pápá."

Máníjà wo ìkòkò kékeré náà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó tún yọ ọ́. Kò sí ibi tó fẹ́ fi í sí mọ́.

"Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fúngun mọ́ ènìyàn látòkè," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Irin, irin, irin. Ta ló bi mí léèrè èéfín rí?"

"Adájọ́ máa bi yín lọ́la," ni Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn. "Àwọn tó wà lókè náà, ẹ múra láti dárúkọ wọn. Mo fẹ́ mọ̀ wọ́n."

Lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un lọ, Ìyá Koríko gbé ìkòkò kékeré náà sórí fèrèsé.

"O mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ ẹsẹ̀ ògiri bá mọ́ pẹ́, ìdílé yìí máa pòórá níbẹ̀?" ló wí. "Agbára tó ń ná láti fi bá oró jà ni kì í jẹ́ kó ga. Bí kò bá sí oró mọ́, tòsì á borí ẹ̀, á bò ó mọ́lẹ̀."

"Ìyẹn ò dùn ẹ́?"

"Mo ń bẹ Ọlọ́run kó ṣojú mi."

*

Ọ̀rọ̀ ò pẹ́ nílé ẹjọ́. Bàbá Gádínà jẹ́rìí, ó sì sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wo àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ dá Bàbá Ìbejì sílẹ̀. Ó fi máníjà sí àyè tí Bàbá Ìbejì kúrò, ó sì ní iná ìléru ò gbọdọ̀ jó mọ́ títí wọn ó fi jó ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, kó má lè ṣí mọ́ láé. Dókítà mú ìròyìn wá pé àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn sílé ìwòsàn ti ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn, wọ́n fẹ́ lọ sílé.

Ní àgọ́, wọ́n dá bẹ́líìtì àti bàtà Bàbá Ìbejì padà fún un. Ìyàwó rẹ̀ wò ó bó ti ń de okùn bàtà.

"Ẹ ti rù," ló wí. "Gbogbo ṣòkòtò yín ni mo máa tún rán."

Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. Ó yọ okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ó wọn èjìká ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà láìtọrọ àyè, ó wọn apá rẹ̀, ó sì ká okùn. "Ẹ tín-ín-rín jù," ló wí. "Ẹ wá gba aṣọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bàbá Gádínà wà níta lórí bẹ́ǹṣì, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Ó dìde nígbà tí Bàbá Ìbejì jáde. Kò sún mọ́ ọn.

"Ẹ pẹ́ kẹ́ẹ tó sọ̀rọ̀, bàbá," ni Bàbá Ìbejì wí.

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Ó dùn mí."

"Mo mọ̀."

Ìyàwó Bàbá Ìbejì fa ọkọ rẹ̀ láṣọ pé kí àwọn máa lọ. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dúró, ó sì yí padà.

"Ọjọ́ Ajé ni ajórin ń bọ̀ wá jó ilẹ̀kùn yẹn pa. Wọ́n ní kí n wà níbẹ̀. Irin ẹ̀ wúwo, èmi nìkan ò lè dì í mú."

Bàbá Gádínà dé fìlà rẹ̀.

"Aago mélòó?" ló bi í.